Họ́ọ̀bù Tó Lóun Ò Wọlé

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé kì í rẹ́. Irọ́ ni. Èmi àti ìyá ọkọ mi rẹ́, a sì mọwọ́ ara wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọn tírélà, tí mo sì panu mọ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Ọmọ méjì ni Màmá bí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Àkọ́bí ni Alákòóso. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o, àdúgbò ló fún un. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbikíbi tí kì í bá wọn ṣe kòkáárí rẹ̀, ì báà jẹ́ wọ́n pè é, ì báà jẹ́ wọn ò pè é. Tó bá bá ẹ níbi tó o ti ń fọṣọ, á dúró kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fún un. Àbúrò rẹ̀ ni ọkọ mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onírin nítorí iṣẹ́ wẹ́dà tó ń ṣe. Irin ló mọ̀, irin ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí mo bá fẹ́ kó gbọ́ tèmi, àfi kí n kọ́kọ́ yọ wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lára iná.

Ògiri kan ló la ilé wa àti ilé Màmá láàárín. Aránṣọ ni Màmá. Abẹ́ fèrèsé iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti ń rí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Á kí wọn, á bèèrè ọmọ wọn, á sì sọ fún wọn láìbòmọ́lẹ̀ pé ìdí ṣòkòtò wọn ti fẹ́ ya, kí wọ́n yà wọlé kí òun bá wọn lẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ọkùnrin tó gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́ nítorí ẹnu Màmá.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Màmá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì fìdí jókòó láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì tún sọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀, Alákòóso ti pe ìpàdé. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Màmá ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ yìí, apá kejì ìlú ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé àlejò á máa wo òjìji ara rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun, ìyàwó rẹ̀ náà sì ti bá wọn lọ láti tọ́jú ọmọ-ọmọ. Òun nìkan ló kù síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wa ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, á ní òun wá wo bóyá àwọn ọmọ wa ti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé wọn. Á jẹun, á wo iṣẹ́ náà, á rí àṣìṣe, á tún jẹun.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mo wí i nínú ara mi. Àtẹ̀gùn ló ń yọ̀, àtẹ̀gùn ló yẹ ká tún ṣe. Ọkọ mi kúkú tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ó da sìmẹ́ńtì sí i, ó ri irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí Màmá lè máa dì í mú. Ìyẹn ò dá Alákòóso dúró. Ó bi Màmá léèrè irú kọ́tìnnì tí wọ́n fẹ́, ó bi wọ́n léèrè apá ibi tí wọ́n fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí. Màmá dáhùn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi ńkọ́?" ni Màmá wá bèèrè.

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Màmá. Ẹ sinmi. A ó wá ẹni tí a ó fún."

Màmá mú abẹ́rẹ́, ó fẹ́ fi òwú bọ̀ ọ́ lójú. Obìnrin tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, tí á tún máa bú èèyàn lọ́wọ́ kan náà, lọ́jọ́ náà, ó bọ̀ ọ́ títí kò wọlé. Ó dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú Màmá kúrò nídìí fèrèsé yẹn, tí wọ́n gbé e lọ sórí ilẹ̀ tó ń dán, kò ní pẹ́ tí kò fi ní jẹ́ Màmá tí a mọ̀ mọ́.

Àmọ́ ọ̀nà wo ni wọ́n á fi kó ẹrù rẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tírélà ti wọlé. Tírélà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fi àjákù irin tò ó. Òkè rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Táyà ọ̀tún fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, táyà òsì fẹ́ lọ sósì. Họ́ọ̀bù wọn méjèèjì, ìyẹn irin tó di táyà mú mọ́ imú ásù, ọ̀pá tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ti sán ní apá kan, bíárìn inú wọn tó ń jẹ́ kó yí geere sì ti jẹ tán. Tí wọ́n bá fà á, á máa ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Wọ́ọ̀dù Màmá, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń gbé pẹ̀lú àdúrà, kò lè jókòó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má dà á nù sí títì.

Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí wọ́n tú họ́ọ̀bù àtijọ́, kí wọ́n gbé e lọ bá Ìyá Onítáyà, obìnrin tó ń ta àlòkù táyà, ríìmù àti họ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀. Á gbé e kalẹ̀, á mú èyí tó bá a dọ́gba, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníṣẹ́ irin ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, ti Alákòóso ni, aṣọ funfun ló sì fi bo àga inú rẹ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ mi?" ni Alákòóso bèèrè. Ó wo họ́ọ̀bù náà bí ẹni tó rí òkú eku. "Irin tí gíríìsì bò yìí? Láéláé! Ẹ wọ̀n ọ́n, kí a pe Ìyá Onítáyà lórí fóònù, kó gbé tuntun wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ó sàn ká gbé e lọ."

"Mo ní ẹ wọ̀n ọ́n."

Àkọ́bí ti sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tírélà sórí jáàkì, wọ́n fi òkúta ti ẹsẹ̀ kejì, wọ́n tú táyà, wọ́n sì yọ họ́ọ̀bù. Imú ásù wá yọ síta, irin róbótó kan tó ń dán, tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́. Ìdí imú náà, níbi tí bíárìn ń jókòó sí, ni wọ́n fẹ́ wọ̀n yíká. Ọkọ mi fa téèpù irin rẹ̀ yọ. Kò tẹ̀. Ó tún un fà, téèpù náà ta padà, ó nà án lọ́wọ́. Kálípà, irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tí ìbá fi wọ̀n ọ́n, ti bọ́ sínú kànga láti ọjọ́ tó ti lọ bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Màmá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. "Ẹ wá gba tèmi. Aṣọ ni téèpù mi, á yí i ká. Ìbàdí ni gbogbo ìbàdí, ì báà ṣe ti irin."

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa téèpù Màmá. Nígbà tí Alákòóso ṣì kéré, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé orí téèpù náà sọnù, íńṣì àkọ́kọ́ sì bá a lọ. Màmá ò ra òmíràn. Ó ní kí ló ń ṣe é? Tí èèyàn bá ti wọn nǹkan tán, kó yọ oókan nínú iye tó bá kà, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Téèpù aláìlórí yìí ló sì wọn gbogbo àdúgbò, ó wọn ìyàwó, ó wọn ọkọ ìyàwó, kò sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ fún un mọ́ra ju bó ṣe fẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dàgbà sínú àyọkúrò yìí. Ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Èmi náà tí mo fẹ́ wọlé, ọdún kan ò pé tí mo fi ń yọ oókan láìmọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá ti fọwọ́ kan téèpù Màmá, ẹnu rẹ̀ á ti sọ pé "yọ oókan" kí ojú rẹ̀ tó rí iye.

Màmá jáde wá pẹ̀lú téèpù náà ní kíká lọ́wọ́. Alákòóso na ọwọ́ láti gbà á.

"Rárá," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi di orí rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ásù, ó fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ fún orí téèpù mọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, mo gbé agolo gíríìsì dání. Mo wo ìka Màmá. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ń dán láàárín wọn, irú èyí tó máa ń wà lórí téèpù tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé. Téèpù aláìlórí, ibo ló ti rí irin orí? Mo tún wo ara téèpù náà: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ohun tó ti pẹ́ láyé. Mo wá rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá abọ́ tíì tó ki dúdú lórí tábìlì Màmá, nǹkan kan ká jọ sínú rẹ̀, Màmá ò sì mu tíì náà.

Mo gbójú sókè, ojú wa pàdé. Ìyá àgbà náà ṣẹ́jú sí mi.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ti ilé wa wọ gíláàsì, ó sì ní sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín gbé mi nínú, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Márùn-ún àtààbọ̀," ni ọkọ mi kà.

"Yọ oókan," ni Alákòóso wí.

"Mẹ́rin àtààbọ̀ nìyẹn." Ọkọ mi wo imú ásù náà, ó fojú wọ̀n ọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ó kéré lójú mi o. Irin yìí sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ojú ẹ ni téèpù? Màmá, ṣé ẹ dì í mú dáadáa?"

"Mo dì í mú dáadáa, ọmọ mi," ni Màmá wí, kò sì parọ́.

Wọ́n bọ́ sórí bóòtù. Wọ́n fẹ́ kí họ́ọ̀bù tuntun bá táyà ìpààrọ̀ tó wà nílẹ̀ mu, nítorí náà, wọ́n ní láti mọ bí bóòtù rẹ̀ ṣe jìnnà síra. Alákòóso ní kí wọ́n wọ̀n láti orí bóòtù kan dé orí èyí tó kọjú sí i gan-an.

"Márùn-ún ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí èyí tó kọjú sí ìkankan."

"Kò lè ṣàìsí." Alákòóso bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí bóòtù kan, ó fà á kọjá sódì kejì, ó bá ara rẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó gbìyànjú òmíràn. "Ta ló ṣe é báyìí? Kí ló dé tí wọn ò fi mẹ́fà sí i?"

Ọkọ mi fi sùúrù ṣàlàyé pé tí bóòtù bá jẹ́ márùn-ún, èèyàn á fo èyí tó tẹ̀ lé e, á wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn àkọ́kọ́ dé àárín ẹ̀kẹta. Alákòóso ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan ló mọ̀ ni. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yọ oókan. Wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín bọ́dì àti mọ́gáàdì tó bo táyà, wọ́n yọ oókan. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n yọ oókan nínú rẹ̀. Alákòóso wá pe Ìyá Onítáyà, ó ka iye náà fún un bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

"Ṣé ó dá yín lójú, Ọ̀gá?" Ohùn obìnrin náà ń jáde ketekete nínú fóònù. "Ẹ̀ bá gbé ti àtijọ́ wá."

"Ó dá wa lójú. Sátidé ni a fẹ́ kó ẹrù, má pẹ́ dé."

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Màmá ní kíṣìnnì. "Màmá, tíì àárọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Tíì wo?"

"Màmá!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. "Ìyàwó mi, tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé n ò lọ, á ní mo fẹ́ràn àbúrò òun ju òun lọ. Láti kékeré ló ti ń retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ara á ta á, kò ní jẹ́ kí n mọ̀. Jẹ́ kí irin bá mi sọ ọ́. Irin ò mọ àkọ́bí, kò mọ àbígbẹ̀yìn."

"Tí wọ́n bá wá rí èyí tó tọ́ rà ńkọ́?"

"N ó ti ronú kan òmíràn." Ó dìde, ó ṣí ìkòkò wò. Mo mọ̀ pé kò tíì ronú kan nǹkan kan.

Nígbà tó di Sátidé, Alákòóso ti dé kí àwọn ọmọ tó fọ ẹnu. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń tọ́ka síbí, ó ń tọ́ka sọ́hùn-ún. Wọ́n kó ẹrù síta: bẹ́ẹ̀dì, wọ́ọ̀dù, àpótí aṣọ, tábìlì ìgéṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́tọ̀, torí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ló ń bọ̀ wá gbé e. Màmá jókòó sórí àga láàárín gbogbo rẹ̀, ó fi téèpù kọ́ ọrùn bí aránṣọ ṣe máa ń ṣe, ó ń wo inú ilé rẹ̀ tó ti ṣófo. Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Onítáyà dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó ń dún jàlàjàlà. Obìnrin tó tóbi ni, tó máa ń gbé ríìmù sí èjìká bí ẹni gbé ọmọ. Ó sọ họ́ọ̀bù méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú táyà wọn. Ọkọ mi fi gíríìsì kún inú bíárìn dáadáa, ó nu imú ásù mọ́ tónítóní, ó gbé họ́ọ̀bù, ó tì í sí i.

Họ́ọ̀bù náà dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó lóun ò wọlé.

Ọkọ mi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fi gíríìsì sí i. Ó fi igi lé e, ó fi òòlù kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò mira.

"Tì í!" ni Alákòóso wí.

"Mo ń tì í."

"O ò tì í tó. Kúrò níbẹ̀." Alákòóso ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó fi àyà ti họ́ọ̀bù, ó ń mí hẹ́ẹ̀hẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde, àmì róbótó dúdú kan ti wà láàárín àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà bí òǹtẹ̀.

"Ẹ rọra o," ni Màmá wí láti orí àga. "Ẹ má fi ṣe ara yín léṣe."

Mo sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín, mo tún sáré jáde kí n má bàa pàdánù ohun tó kàn.

Alákòóso kọjú sí Ìyá Onítáyà. "Ohun tí a ní kí ẹ mú wá kọ́ lẹ mú wá yìí!"

Ìyá Onítáyà yọ kálípà láti inú àpò rẹ̀, ó fi gbá imú ásù mú, ó wò ó. Ó fi wọn inú họ́ọ̀bù, ó wò ó. "Ohun tí ẹ sọ gan-an ni mo mú wá, Ọ̀gá. Ásù yín ló tóbi ju ẹnu yín lọ. Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Téèpù Màmá," ni ọkọ mi wí. "A sì yọ oókan."

"Kí ló dé tí ẹ yọ oókan?"

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ara wọn. Ó hàn pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, ẹnì kan ò bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Torí pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é," ni Alákòóso wí.

"Ẹ jẹ́ kí n rí téèpù ọ̀hún."

"Mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí o," ni Màmá wí kíákíá.

"Ọrùn yín ló wà, Màmá."

Màmá fọwọ́ kan ọrùn, ó ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ìyá Onítáyà rọra fà á, ó nà án jáde. "Téèpù yìí pé pérépéré. Irin orí rẹ̀ nìyí. Íńṣì àkọ́kọ́ nìyí. Kò sí ohun tí ẹ ń yọ níbẹ̀."

Alákòóso gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Tíì?" ló wí. Ó tún un gbóòórùn. "Màmá, tíì ni?"

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀bù lórí itan. Èmi náà tú u sílẹ̀. Alákòóso ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ gíríìsì láyà, ojú rẹ̀ sì yí padà di ti ọmọdé tí wọ́n lé jáde nínú eré. Ìgbà tí mo rí ojú náà ni ẹ̀rín sá kúrò lẹ́nu mi.

Ìyá Onítáyà rò pé ohun rere lòun ń ṣe. "Ẹ má dààmú," ló wí. "Iye tí ẹ sọ yẹn ya mí lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn, torí irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ò lè gbé tírélà. Mo mú méjì tó tóbi pẹ̀lú táyà wọn lọ́wọ́ wá bóyá." Ó gbé wọn jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkọ mi ti ọ̀kan sí imú ásù, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Mo wo Màmá. Ọgbọ́n ti tán.

Wọ́n gbé táyà sí i. Alákòóso gba sípánà, ó ń fún nọ́ọ̀tì bí ẹni tó ń fún ọrùn ọ̀tá. "Ẹ má tò ó tẹ̀léra wọn, Ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ mi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Tí ẹ bá fún ọ̀kan, ẹ fo èyí tó kàn, kó lè jókòó dọ́gba." Ó fò ó bí wọ́n ṣe wí, kò bá a jiyàn. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò tíì rí ibi tí Alákòóso ti gba ìmọ̀ràn láìjiyàn rí. Wọ́n ṣe apá kejì. Ọkọ mi fọwọ́ yí táyà náà, ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, kò dún rárá.

"Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù," ni Alákòóso wí sí ilẹ̀.

A ò mira. Ó lọ gbá etí kan tábìlì ìgéṣọ mú, ó gbé e, etí kejì ń wọ́lẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀," ni Màmá wí.

Ó dúró.

"N ò lọ. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú gbogbo yín, ẹ̀rù ló bà mí. N ò fẹ́ lọ."

"Ṣé ẹ kórìíra ọ̀dọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ohùn Alákòóso ti wọlẹ̀. "Tó fi jẹ́ pé ẹ rẹ téèpù tuntun sínú tíì?"

"Ilé rẹ dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọjá níwájú rẹ̀. Ta ni n ó máa bá wí níbẹ̀? Ẹnu mi ni agbára tó kù lára mi, ọmọ mi. Tó bá dákẹ́, mo ti lọ nìyẹn."

Alákòóso gbé tábìlì sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà níta, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí gíríìsì bò. "Màmá, láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣubú, tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Mi ò lè sùn. Ilé yẹn dákẹ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn. Mo ní tí ẹ bá wà níbẹ̀..."

Ìyá Onítáyà rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìdílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ọ̀tì nínú agolo. Ọkọ mi dìde, ó lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ gíríìsì lé e léjìká. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Màmá kọjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Nínú èmi àtìwọ, ta ni kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́?"

Alákòóso gbójú sókè wò ó.

"Tírélà ti dára, táyà rẹ̀ ò sì dún. Kò yẹ kó dúró lásán. Yàrá kejì ṣófo. Lọ kó ẹrù tìẹ wá."

"Èmi? Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo kọ́lé, kí n padà sílé ìyá mi? Kí ni àwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n á wí i níwájú fèrèsé mi. N ó dá wọn lóhùn."

Ó jiyàn. Inú mi dùn pé ó jiyàn, torí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti ń padà bọ̀ sípò. Ó ní kò ṣeé ṣe, ó ní ẹnì kan ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ ilé òun. Ó ṣì ń jiyàn nígbà tí ọkọ mi so tírélà mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jiyàn jáde ní géètì. Èmi àti Ìyá Onítáyà la gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà sí abẹ́ fèrèsé kí wọ́n tó dé. Ẹni tí wọ́n ní kó wá gbé e lọ dé lóòótọ́. Màmá sọ fún un pé ìdí ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́ ya.

Ọ̀sán ni wọ́n padà dé. Mátírẹ́ẹ̀sì kan, àpótí aṣọ kan àti àga kan tó fẹ́ràn ló wà lórí tírélà. "Fún ìgbà díẹ̀ ni o," ni Alákòóso ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Títí ìyàwó mi á fi dé. Kí n lè máa mójú tó wọn." Ó kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì gba ẹnu ọ̀nà. Ó kọ́ èmi náà bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ní kí òun dùbúlẹ̀ ná, kí òun wò ó bóyá ó kọjú síbi tó yẹ.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, mo lọ pè é. Ó ti sùn lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, ó ń han-run. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo lódì kejì ògiri, Màmá ń bá ẹnì kan jà lójú fèrèsé nípa bọ́tìnnì, síbẹ̀ kò mira. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án nígbà tí Màmá yọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Bo oúnjẹ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kò ti rí oorun sùn."